Orí Kẹfà: Ta Ló Kọ Nǹkan Sórí Mẹ́mórì Kernel?

Bí ìdánwò mẹ́mórì kernel Linux bá kùnà lálẹ́, tó yege láàárọ̀, tó tún wá kùnà níbòmíràn lọ́sàn-án, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹnìkan ti kọ nǹkan sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ ni mo kọ orí yìí fún. Mo gbà pé ẹ ti lè compile kernel fúnra yín, àti pé ẹ mọ QEMU lò. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí: ẹ ka àwọn báìtì tó bàjẹ́ kí ẹ tó ka kóòdù. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ hàn nínú ìròyìn, wọ́n á máa wo ìlà kan náà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe ìlà ọ̀hún.

Orí yéye ní Mògún, ìpín àìṣẹ̀ ló pọ̀. Bọ́rọ̀ kernel ṣe rí gan-an nìyẹn. Function tí orúkọ rẹ̀ jáde nígbà tí ẹ̀rọ dákú kàn lọ sídìí mẹ́mórì tirẹ̀ ni, ó bá a ní bíbàjẹ́, ó sì ṣubú. Ẹ máa rí kmalloc nínú irú ìròyìn báyìí léraléra, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Nígbà tí wọ́n bá dá àyè kan padà, inú àyè náà gan-an ni kernel ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì àyè òfìfo tó kàn sí. Bí ẹnìkan bá kọ nǹkan lé àdírẹ́ẹ̀sì yẹn lórí, kò ní sí wàhálà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wá gba àyè lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ ext4, ì báà jẹ́ kóòdù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni yóò tẹ̀lé àdírẹ́ẹ̀sì tó bàjẹ́ náà lọ sínú òkùnkùn. Orúkọ ẹni yẹn ni ẹ ó rí kà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ má tíì tún ẹ̀rọ náà tàn. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìròyìn náà lódindi, láti ìlà àkọ́kọ́ tí kernel kọ nígbà tó ń jí, kì í ṣe àwọn ìlà mélòó kan tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń lo QEMU, ẹ fi console=ttyS0 sí ìlà àṣẹ kernel, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa bọ́ sínú fáìlì lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ tọ́jú .config. Ẹ tọ́jú vmlinux tí ẹ compile lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí òmíràn kò lè rọ́pò rẹ̀: bí ẹ bá ṣàtúnṣe ìlà kan péré tí ẹ sì tún un compile, àwọn àdírẹ́ẹ̀sì ti sún kúrò níbi tí wọ́n wà. Script decode_stacktrace.sh, tó wà nínú àpò scripts, ló máa fi vmlinux yẹn sọ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan di orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìròyìn tó ṣáájú. Nígbà tí mẹ́mórì bá ti bàjẹ́, gbogbo ohun tó bá tẹ ibẹ̀ ló ń ṣubú, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo àkọ́kọ́ nìkan ló tọ́ kí ẹ fetí sí. Ìdí nìyí tí KASAN, irinṣẹ́ tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, fi ń kéde àṣìṣe àkọ́kọ́ tó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá fi kasan_multi_shot sọ fún un pé kó máa bá a lọ. Ẹ wo ìlà tí kernel ti kọ Tainted pẹ̀lú. Lẹ́tà O ń sọ pé module kan tó wá láti ìta wà nínú ẹ̀rọ, P ń sọ pé module tí kóòdù rẹ̀ kò sí ní gbangba wà níbẹ̀, M ń sọ pé prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ti kígbe pé hárúwíà ní ìṣòro. Bí ẹ bá rí W, ìkìlọ̀ kan ti jáde ṣáájú, ẹ padà sókè lọ kà á.

RAM ni àbí kóòdù?

Ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó gbóná. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí láti Google àti Yunifásítì Toronto gbé ìwádìí jáde lórí RAM àwọn sáfà Google, wọ́n sì rí i pé nínú 100 ègé RAM, ó lé ní 8 tí àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn láàárín ọdún kan. RAM tó ní ECC nìyẹn, tó lè ká àṣìṣe mọ́, kó sì tún un ṣe. Láptọ́ọ̀pù tí púpọ̀ nínú wa ń lò kò ní ECC, òmíràn nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀ tí a kò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Bíìtì tó bá yí padà nínú rẹ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Memtest86+ ni ẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé e sórí fláàṣì, ẹ tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí ó bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ parí: ẹ pààrọ̀ RAM. Bí kò bá rí nǹkan kan, RAM kò tíì gba òmìnira pátápátá, nítorí nígbà tí Memtest86+ ń ṣiṣẹ́, kò sí díìsìkì tó ń gbé dátà, kò sí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń kọ nǹkan sí mẹ́mórì, ooru ẹ̀rọ kò sì rí bí ó ṣe ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Kernel náà ní ìdánwò tirẹ̀ tó lè ṣe nígbà tó bá ń jí: bí wọ́n bá ti fi CONFIG_MEMTEST sí i, tí ẹ sì kọ memtest=17 sí ìlà àṣẹ rẹ̀, yóò kọ oríṣiríṣi àpẹẹrẹ báìtì sí mẹ́mórì òfìfo, yóò kà wọ́n padà, yóò sì yọ ibi tó bá bàjẹ́ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó.

Ìdánwò kan wà tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Lórí ẹ̀rọ x86, memory_corruption_check=1 máa ń jẹ́ kí kernel àtijọ́ sọ àyè òfìfo tó wà nínú 64K àkọ́kọ́ di òdo, kó sì máa padà wò ó ní gbogbo ìṣẹ́jú kan bóyá òdo ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rí «Corrupted low memory», àwọn kan á sáré lọ ra RAM. Wọn ì bá má tíì náwó yẹn. BIOS ni wọ́n kọ ìdánwò náà nítorí rẹ̀: àwọn BIOS kan máa ń kọ nǹkan sí apá ìsàlẹ̀ mẹ́mórì nígbà tí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn tó sì tún jí, tàbí nígbà tí ẹ bá yọ okùn HDMI. Bí ó bá jẹ́ pé àkókò bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ẹ ṣe àtúnṣe BIOS, bí kernel yín bá sì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kó fi 64K yẹn sílẹ̀ láìlò; àwọn tuntun ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn.

Fún gbogbo ìyókù, ìlànà kan wà tí kò tíì já mi kulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì kọ nǹkan méjì sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan: àdírẹ́ẹ̀sì gidi tí báìtì náà wà nínú RAM, àti iye báìtì tó wà láàárín rẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ àyè tó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì gidi ló ń bára mu, tí irú àyè tó bàjẹ́ sì ń yí padà, RAM lẹ ó fura sí. Bí àdírẹ́ẹ̀sì gidi bá ń yí padà ṣùgbọ́n tí ó máa ń jẹ́ báìtì kẹrìnlélógún nínú àyè irú kan náà, kóòdù ni.

Kíka báìtì

Ẹ fojú inú wo kernel bí ẹni tó ń yá àwọn àlejò nílẹ̀ oko. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n dá a padà, ẹlòmíràn gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀: kí ènìyàn gbin nǹkan ré ààlà kọjá, àti kí ó máa padà wá gbin nǹkan sílẹ̀ tí ó ti dá padà. SLUB, tó ń pín àyè kéékèèké fún kernel, lè gbin pèrègún sí ààlà, kó sì fi àmì sórí ilẹ̀ tó ṣófo, bí ẹ bá kọ slab_debug=FZPU sí ìlà àṣẹ. Nínú kernel àtijọ́, slub_debug ni wọ́n ń pè é. F ń yẹ ètò inú àyè wò, Z ń gbin pèrègún, P ń fi àmì sílẹ̀, U ń kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti ẹni tó dá a padà.

Ẹ há àwọn àmì náà sórí, wọn kò pọ̀. Àyè tí wọ́n ti dá padà kún fún 6b, báìtì tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ a5. Àyè tí wọ́n gbà tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí ṣì kún fún 6b bákan náà; àlàfo tó wà lẹ́yìn àyè ni SLUB ń fi 5a kún. Pèrègún ẹ̀gbẹ́ àyè tí wọ́n ń lò jẹ́ cc, ti àyè òfìfo jẹ́ bb. Bí ẹ bá rí àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ dead000000000100 tàbí dead000000000122 lórí x86-64, ẹnìkan ti yọ nǹkan kúrò nínú list, ó sì tún padà wá rìn gba ibẹ̀ kọjá. Bí àdírẹ́ẹ̀sì bá jẹ́ 6b6b6b6b6b6b6b6b, kóòdù náà ka pointer láti inú àyè tí wọ́n ti dá padà, tàbí àyè tí wọ́n gbà tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí.

Ẹ wò ó báyìí. Àyè báìtì 32 nìyí, tó yẹ kó ṣófo:

6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b
6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6b 6a 6b 6b 6b 6b 6b 6b a5

Lápá ọ̀tún ìròyìn, níbi tí kernel ti ń fi lẹ́tà hàn, k ni 6b máa ń jẹ́, ẹ ó sì rí k tó tò lọ rẹrẹẹrẹ pẹ̀lú j kan ṣoṣo láàárín wọn. Báìtì kan ló bàjẹ́. Láàárín 6b àti 6a, bíìtì kan péré ló yàtọ̀, ìyẹn ló ń mú kí àwọn ènìyàn sọ lójú ẹsẹ̀ pé RAM ni. SLAB àtijọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú SLUB kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú Linux 6.8 ní 2024, pàápàá máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé bíìtì kan ló yí padà, ó jọ pé RAM ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bí a bá kà láti 0, ipò 24 ni báìtì náà wà, nọ́ńbà tí a lè fi 4 pín láìṣẹ́kù. Lórí x86, báìtì tó kéré jù ló ń ṣáájú, nítorí náà nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ 6b6b6b6a. Ó dín ní ẹyọ kan sí 6b6b6b6b. Ẹnìkan ti yọ ẹyọ kan kúrò lára òǹkà, irú òǹkà tí kernel fi ń mọ iye àwọn tó ṣì di nǹkan kan mú. Ẹni náà ti dá àyè padà, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Kóòdù ni èyí, RAM kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ká ní 7b tàbí 2b la rí ní ipò 26 ńkọ́? Níbí náà, bíìtì kan péré ló yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò tó bọ́gbọ́n mu tó lè gbé e débẹ̀. RAM ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, kí n tó wá ẹni tó ń tan bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù. Bí ó bá sì jẹ́ 6c, ẹyọ kan ni wọ́n fi kún un, bíìtì mẹ́ta ló yí padà, hárúwíà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ohun tó bàjẹ́ bá gùn ju báìtì kan lọ, ó máa ń sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. 2f 64 65 76 2f jẹ́ /dev/, ẹnìkan ń kọ orúkọ fáìlì ré ààlà kọjá. 08 00 45 00 ni ibi tí orí Ethernet ti parí tí páákẹ́ẹ̀tì IPv4 sì bẹ̀rẹ̀: ẹ fura sí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń kọ nǹkan tààrà sí mẹ́mórì tí driver rẹ̀ ti gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí báìtì mẹ́jọ tó parí sí 88 ff ff, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́mórì kernel lórí x86-64. Bí méjì irú rẹ̀ bá tẹ̀lé ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n fúnra wọn wà, orí list òfìfo ni: ẹ wá ẹni tó yọ nǹkan tirẹ̀ kúrò nínú list lẹ́yìn tí àyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ tó ń mú olè lọ́wọ́-kọ́wọ́

SLUB ní àbùkù kan: ìgbà tí wọ́n bá gba àyè tàbí tí wọ́n dá a padà ló ń yẹ àmì wò. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ti lè lọ tipẹ́. KASAN, tó wọ Linux 4.0 ní 2015, kò jẹ́ kó lọ. Compiler máa ń fi àyẹ̀wò síwájú gbogbo ibi tí kóòdù bá ti ń ka mẹ́mórì tàbí tó ń kọ sí i, àyẹ̀wò náà á sì wo àkọsílẹ̀ tí báìtì kan nínú rẹ̀ dúró fún báìtì mẹ́jọ mẹ́mórì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mórì yín ló ń gbà nìyẹn: ẹ̀rọ 16GB máa fi 2GB sílẹ̀ fún un. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, 00 ń sọ pé gbogbo mẹ́jọ ṣeé lò, 01 sí 07 ń sọ iye tó ṣeé lò láti ìbẹ̀rẹ̀, fc jẹ́ pèrègún, fb jẹ́ àyè tí wọ́n ti dá padà. KASAN kì í tètè fún ẹlòmíràn ní àyè tí wọ́n dá padà. Ó máa ń fi í pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó lè ká ẹni tó bá padà wá síbẹ̀ mọ́. Nínú ìròyìn rẹ̀, ibi tó kọ «Freed by task» ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí níbẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tó dá àyè náà padà ṣáájú àkókò.

KASAN kò rí ohun gbogbo. Kò rí ohun tí díìsìkì tàbí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fúnra rẹ̀ kọ sí mẹ́mórì. Kò rí ẹni tó fò kọjá pèrègún lọ bọ́ sínú àyè ẹlòmíràn tó ṣì wúlò. Tí ẹ bá fura sí hárúwíà tó ń kọ tààrà, CONFIG_DMA_API_DEBUG àti IOMMU tí ẹ tàn pẹ̀lú iommu.strict=1 ló lè ràn yín lọ́wọ́.

Ohun tó ń dun àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù ni kí wọ́n tan KASAN kí àṣìṣe sì pòórá. Ó ti yí ìtò mẹ́mórì padà, ó sì ti dẹ ìrìn kóòdù lọ́wọ́. Ẹ má ṣe rò pé ó ti sàn. Ẹ pa KASAN, kí ẹ gbìyànjú slab_nomerge. SLUB máa ń kó oríṣiríṣi nǹkan tí ìwọ̀n wọn dọ́gba sí ojú kan náà kó lè dín àyè kù, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tó ń jìyà lè má ní àjọṣe kankan ju pé ìwọ̀n wọn jẹ́ báìtì 64. Bí ẹ bá pín wọn níyà, ẹni tó ṣẹ̀ á máa ba tirẹ̀ nìkan jẹ́, orúkọ rẹ̀ á sì hàn. Fún ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ falẹ̀, KFENCE wà láti Linux 5.12: àyè 255 ló ń ṣọ́, 2MB ló ń gbà, ó sì máa ń mú àyè kan wá sábẹ́ ìṣọ́ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ó nílò sùúrù àti ẹ̀rọ púpọ̀.

Nígbà tí ó jẹ́ ìdánwò ló jẹ̀bi

Ìdánwò náà jẹ́ kóòdù kernel, òun náà lè kọ nǹkan ré ààlà kọjá. Àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é: ìdánwò KASAN àti slub_kunit máa ń ba mẹ́mórì jẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀ṣọ́ kò sùn, nítorí náà bí ẹ bá rí lẹ́tà N lára Tainted, ìdánwò kan ti ṣiṣẹ́ nínú kernel yẹn. Ẹ fi kunit.py run, irinṣẹ́ KUnit tó ń ṣe ìdánwò inú kernel, ṣe ìdánwò tó kùnà náà nìkan. Bí ó bá yege ní òun nìkan, ẹ pín àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sí méjì, ẹ ṣe ìdajì kan kí òun tó tẹ̀lé e, kí ẹ máa pín lọ títí ẹ ó fi kan ẹni tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ èyí lórí ohun kékeré, kó gbé xv6 ti MIT. Kfree rẹ̀ ń fi 01 kún péèjì tí wọ́n dá padà, kalloc ń fi 05 kún èyí tí wọ́n gbà, usertests rẹ̀ sì máa ń ka péèjì òfìfo ṣáájú ìdánwò àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ ìlà kan kúrò nínú kfree, ẹ sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Láti ìfura dé ìdájọ́

Tí ẹ bá ti mọ àdírẹ́ẹ̀sì tó ń bàjẹ́, tí kì í sì í yí padà, ẹ ṣọ́ ọ. Ẹ tan kernel nínú QEMU pẹ̀lú -s -S, ẹ fi nokaslr sí ìlà àṣẹ, ẹ so gdb mọ́ port 1234, kí ẹ sì kọ:

watch *(unsigned long *)0xffff888003c41018

gdb máa dúró sórí ìlà tó kọ nǹkan síbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ x86 ní àyè mẹ́rin fún irú ìṣọ́ yìí, nítorí náà ẹ má ṣe fi í ṣòfò. Bí báìtì bá yí padà tí gdb kò sì dúró, ìdáhùn ńlá nìyẹn náà: ó ṣeé ṣe gan-an pé kì í ṣe prósẹ́sọ̀ ló kọ ọ́.

Bí àdírẹ́ẹ̀sì bá ń sá kiri, git bisect ló kù. Ẹgbẹ̀rún commit kò ju nǹkan bí ìgbésẹ̀ 10 lọ. Ewu rẹ̀ ni àṣìṣe tí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta ni ìdánwò ń kùnà: bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tó yege, tí ẹ sì sọ pé commit náà dára, ìdá méjì nínú mẹ́ta lẹ ó fi máa ṣì í lórí commit tó burú. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹ tó dá a láre, ewu náà bọ́ sí nǹkan bí 2 nínú 100. Ẹ kọ script tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ fún git bisect run, kí ẹ lọ sùn.

Nígbà tí àtúnṣe bá ti délẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ rí i pé ìdánwò náà tún kùnà. Ẹ dá a padà, kí ẹ rí i pé ó yege. Bí yíyọ rẹ̀ kò bá mú àṣìṣe padà wá, ẹ kò tíì rí ẹni tó ṣẹ̀, ìtò mẹ́mórì lẹ kàn yí padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ìdánwò KUnit kékeré tó ń mú àṣìṣe yẹn gan-an wá, ẹ fi báìtì tí ẹ kà sínú àlàyé commit yín, kí ẹ sì fi ìlà Fixes: sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà 12 àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà commit tó mú àṣìṣe náà wọlé àti àkọlé rẹ̀, kí àwọn tó ń tọ́jú kernel àtijọ́ lè mọ ibi tí àtúnṣe yín gbọ́dọ̀ dé.